Òkun Jìnnà, Odò Wà Nítòsí

 Ọyẹ́ ti dé sí Niamey: eruku ti bo gbogbo òrùlé, ètè kálukú ń bó, àwọn ọmọ sì wà nílé fún ìsinmi tí àwọn fúnra wọn ń pè ní fákáǹsì. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ òkun máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin àwa àgbà. Ẹnì kan á ní, "Lásìkò báyìí, nígbà tí a wà l'Ékòó..." Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé ti Kútọnu ló dùn jù. Kí a tó mọ̀, tíì ti tutù nínú ife, àwa ò sì tíì kúrò ní etíkun.

Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á máa wò wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bí sí Niamey, wọn kò sì fojú kan òkun rí. Bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí nìyẹn: kí la fẹ́ fi ìrántí òkun yìí ṣe, nígbà tí ọ̀nà òkun ti dí mọ́ wa, tí àwọn ọmọ sì ń dàgbà lójoojúmọ́?

Ohun tí àwa àgbà ń rántí

Àwọn tó dàgbà sí Èkó kò lè gbàgbé Bar Beach ní Victoria Island. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì àti ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ jù. Ìyá á bu ìrẹsì sínú kúlà, bàbá á gbé ẹní. Àwọn ọmọ á gun ẹṣin olówó, wọ́n á jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n á mu omi àgbọn. Níwájú díẹ̀, àwọn ìjọ aláṣọ funfun á tan àbẹ́là, wọ́n á dúró láìwọ bàtà, wọ́n á kọjú sí omi, wọ́n á máa gbàdúrà. Ìgbì á dé, ọmọ á sá. Ìgbì á padà, ọmọ á tẹ̀ lé e. Ìyá á máa pariwo "Ẹ má wọlé jìnnà!" títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Àwọn tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Sakété, ti Kútọnu ni wọ́n máa ń sọ. Láti Niamey, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì ní ìdájí, wọ́n á gba Dosso lọ sí Gaya, wọ́n á sọdá afárá bọ́ sí Malanville, lẹ́yìn náà Parakou, Bohicon, títí dé etí òkun. Ìrìn náà lé ní 1,000 kìlómítà. Ní Allada, wọ́n á ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá dé etíkun, wọ́n á bá àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n wọ ilẹ̀. Ogún, ọgbọ̀n ènìyàn á di okùn gígùn náà mú, wọ́n á máa fi orin fà á. Ọmọ tó bá bá wọn fà á lè rí ẹja kékeré kan gbà, ọmọ náà á sì gbé ẹja yìí kiri títí á fi máa rùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á lọ kí ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́, tó jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síbí yìí: ìyá àgbà ni a ń lọ kí. Òkun ni a fi ń tan àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe oyin nìkan

Bí a bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ ká fi oyin bo gbogbo rẹ̀. Bar Beach tí à ń sọ yìí, ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè níwájú èrò ní 1971. Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa rí i nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, wọn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Omi ibẹ̀ náà le. Ó ń fà ènìyàn lẹ́sẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo tó wà nítòsí ibẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn baba wa kò ṣèèṣì sọ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Bar Beach fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 20, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn há sí ẹ̀gbẹ́ kan ògiri náà, kò sì dé Bar Beach mọ́. Ọdún dé ọdún, òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi iyanrìn kún ojú omi náà, wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ibi tí òun ti gun ẹṣin han ọmọ rẹ̀ lónìí, ilé gogoro àti títì ọlọ́dà ni yóò nàka sí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrántí wọ̀nyí ni àkísà wa. Ṣùgbọ́n àkísà tí a ká sínú àpótí, tí ọmọ kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí ó wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí a bá kú ni wọn yóò dà á sóde.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rántí tiwọn

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ òkun máa ń ṣe báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú àṣà fàájì etíkun yìí ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ láti àgbègbè Lancashire lọ sí Blackpool. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ìlú kan á ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò á sì jọ lọ sí etíkun. Òfin 1871 fún wọn ní ọjọ́ ìsinmi kún ti tẹ́lẹ̀. Ní 1894, wọ́n ṣí ilé ìṣọ́ gíga kan ní Blackpool, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Margate tàbí Brighton ló ń lọ. Nígbà tó di bí 1960 sí 1970, owó ọkọ̀ òfurufú rọjú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Sípéènì níbi tí oòrùn wà, ọ̀pọ̀ ìlú etíkun wọn sì dá páropáro.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn arúgbó wọn ṣe ń rántí rẹ̀. Wọn kò ní omi gbígbóná bí tiwa. Òjò ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, iyanrìn ń wọ inú búrẹ́dì. Síbẹ̀, ó dùn mọ́ wọn bí oyin. Kí ló fà á? Ọ̀sẹ̀ kan náà ni lọ́dọọdún, ilé kan náà ni wọ́n ń wọ̀ sí, àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan náà mọ etíkun Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà míràn ni tiwọn gbà. Láti bí 1950 títí di bí 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé, ló gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó wò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló dàgbà ní agbègbè etíkun bíi Kent àti Sussex. Àwọn kan rí ìtọ́jú gidi, wọ́n sì ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Fún àwọn mìíràn, ibi tí wọ́n ti ń retí ìyá wọn tí kò tètè dé ni etíkun jẹ́. Òkun kan náà ni. Ẹni tó jókòó ti ọmọ létí omi ló yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí. Òkun nìkan kọ́ ló ń ṣe ìrántí. Ọjọ́ tí kì í yẹ̀, ojú tí ọmọ mọ̀, àti ẹnu àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣe é.

Ọ̀nà tó dí

Ẹ mọ̀ bí ó ṣe rí. Ní ìparí Júláì 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ wa. Wọ́n ṣí i padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Nàìjíríà ṣí tirẹ̀ ní Máàṣì ọdún náà, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ṣí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Nìjẹ̀r kò ṣí ti Gaya nígbà náà. Ní Jánúárì 2025, Nìjẹ̀r, Málì àti Bùrkínà jáde kúrò nínú ECOWAS. A kì í dá sí òṣèlú nínú ojú ìwé yìí, ẹ má sì bi wá pé ta ló jẹ̀bi. Ti ilé la ń sọ.

Ti ilé ni pé ìdílé tó ń lọ sí Kútọnu lọ́dọọdún kò lọ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba Birni N'Konni wọ Sókótó ń bẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní kí òun wọ ọkọ̀ òfurufú, kí ó kọ́kọ́ ṣírò owó ènìyàn mẹ́fà. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà ti mọ̀wé kà báyìí, ìyá àgbà sì ti di ohùn inú fóònù. Ọmọ náà á kí i, á sọ pé "Ẹ káàárọ̀, mà," kò sì ní mọ ohun tó kàn mọ́.

Ibẹ̀ ni ó ti dùn wá jù. Ní Niamey, Faransé ni ti ilé-ẹ̀kọ́, Zarma àti Haúsá ni ti àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ fi ń wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ni Yorùbá rẹ̀ máa ń yọ. Á lọ pẹ̀lú ẹnu wíwúwo, á padà wá pẹ̀lú òwe. Nígbà tí ìrìn-àjò yẹn dúró, kì í ṣe fàájì nìkan ló dúró.

Odò Ọya wà níwájú ilé wa

Nígbà tí a ń ráhùn òkun, omi ńlá kan ń ṣàn kọjá níwájú wa. Àwọn Zarma ń pè é ní Ìsà, àwọn Haúsá ní Kwara ni, àwa Yorùbá ń pè é ní Odò Ọya. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Láti orí òkè ní Gínì ló ti ń bọ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí òkun rárá. Dípò kí ó ṣàn sínú òkun tó wà nítòsí rẹ̀, ńṣe ló kẹ̀yìn sí i, tó gba Málì lọ sí etí aṣálẹ̀ ní Timbuktu, kí ó tó yí padà wá sọ́dọ̀ wa ní Niamey. Ó dà bí ẹni tó fi ìbínú jáde nílé, tó rìn yí gbogbo ayé ká kí ó tó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa, ó kọjá ní Gaya, ó dé Kainji àti Jẹ́bà, ó pàdé Odò Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja, ó sì wọ inú òkun.

Ẹ ṣàkíyèsí Gaya yẹn. Odò yìí gan-an ni ààlà tó wà láàrin Gaya àti Malanville. Afárá tí a kò lè sọdá, orí Odò Ọya ló wà.

Ohun ìyanu míràn wà tí àwọn ọmọ yóò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni omi yìí máa ń kún ní Niamey. Àkọ́kọ́ ni ti Ọ́gọ́ọ̀sì àti Sẹ̀tẹ́ńbà, nígbà òjò, tí omi náà máa ń pọ́n nítorí erùpẹ̀ pupa tí àwọn odò kéékèèké ń kó wọ inú rẹ̀. Èkejì ni ti àkókò ọyẹ́, láàrin Dìsẹ́ńbà sí Fébúárì. Ẹ̀kán òjò kan kò ní sí ní Niamey nígbà náà, síbẹ̀ odò á kún. Òjò tó rọ̀ ní Gínì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ó ti wà lójú ọ̀nà látìgbà náà, ó rọra ń bọ̀. Bí ọmọ bá bi yín pé báwo ni omi ṣe ń kún nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ sọ fún un pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ló dé.

Bí a ṣe lè ṣe é

Èkíní, ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú Jánúárì, nígbà tí omi kún tí ooru kò sì sí. Kí ọmọ mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ ọjọ́ ọdún.

Èkejì, ẹ yan ibi kan, kí ẹ máa padà síbẹ̀. Etí odò lápá ibi tí afárá Kennedy wà dára. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣí afárá náà. Láti ibẹ̀, ọmọ á rí ràkúnmí tó ń ru igi sọdá, á rí àwọn alágbàfọ̀ tó ń sá aṣọ aláràbarà sí etí omi, á sì rí oko ẹ̀fọ́ àti ọkọ̀ àwọn apẹja. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ sínú omi.

Ẹ̀kẹta, kí oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ àkàrà tí ìyá àgbà máa ń dín ni, kí ó jẹ́ àkàrà lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ ẹja odò díndín pẹ̀lú ata gígún, ẹ má fi nǹkan míràn rọ́pò rẹ̀. Ahọ́n kì í tètè gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin, kí àgbà kan sọ ìtàn òkun kan ṣoṣo, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó sì fi òótọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá àgbà láti etí odò níbẹ̀. Ẹ má kàn ní kí ọmọ kí i. Ẹ ní kí ọmọ bi í pé, "Màmá, ta ló kọ́kọ́ mú yín lọ sí etí òkun?" Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Ohùn arúgbó kì í ṣe ohun tí à ń fi dọ́la.

Bí ọdún náà bá jẹ́ èyí tí odò kò ṣeé sún mọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Musée National Boubou Hama, tó ti wà láti 1959. Igi Ténéré wà níbẹ̀, igi kan ṣoṣo tó dá dúró nínú aṣálẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù tó wó o lulẹ̀ ní 1973. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Wọn yóò mọ̀ pé ohun kan lè kúrò ní ipò rẹ̀, bíi Bar Beach, kí àwọn ènìyàn má sì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún omi

Odò náà ní tirẹ̀. Ní 1985, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní Niamey. Ní 2020, ó ya wọ àdúgbò, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ilé. Erinmi wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹran àwòrẹ́rìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ tàbí kí ó rìn nínú omi tó dúró lójú kan, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn tó ń mú kí ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń ranni, èyí tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ wá awakọ̀ tí ẹ mọ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ tó ti kún, kí gbogbo ọmọ sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ẹ bá ń ronú àtilọ sí Boubon lọ́jọ́ Ọjọ́rú láti ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ìkòkò náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí lẹ́wà jù ú lọ.

Ẹnì kan yóò sọ pé odò kì í ṣe òkun. Kò ní ìgbì, kò ní iyọ̀, ènìyàn sì ń rí òdìkejì rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ má sì tan ọmọ pé òkun ni. Ẹ sọ fún un pé omi tó ń kọjá yìí ń lọ sí òkun, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí ìyá àgbà wà, kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, tí ọmọ náà bá dé etíkun nígbẹ̀yìn, kò ní dúró bí àlejò. Á ti ní ìtàn lẹ́nu, á ti ní Yorùbá tí yóò fi sọ ọ́, yóò sì ti mọ ohùn ẹni tó ń dúró dè é.

Ẹ bá wa yan ọjọ́ tiyín kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí àwọn ọmọ á ti máa rí i. Ó dìgbà kan ná. Kí omi má gbé wa lọ́mọ o.